Àlejò Tó Tún Fẹ́ Gbàlejò: Ta Ló Lè Sùn Mọ́jú?

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ wa fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fẹ́ rìnrìn àjò lọ sókè òkun fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ tó ń gbé ní ìlú mìíràn lọ́hùn-ún sì fẹ́ wá kí i. Ìbéèrè rẹ̀ rèé: "Àǹtí mi, báwo ni mo ṣe máa mọ òtẹ́ẹ̀lì tí kò ní í dà mí láàmú bí èèyàn bá wá sùn lọ́dọ̀ mi?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí mo ṣe ń rò ó, mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ ju òtẹ́ẹ̀lì lọ. Ta ló lè sùn mọ́jú níbí, ta ló sì máa ṣe onígbọ̀wọ́ fún un? Ní apá Ìjẹ̀bú tí a ti wá, ìbéèrè yẹn wà lára ohun tó fa ogun. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ ná, mo máa dé orí òtẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀rù ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè mọ ibẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ lẹ máa ń bá kọjá tí ẹ bá ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde, ibẹ̀ náà lèrò Ìjẹ̀bú-Igbó ń gbà. Lónìí, bí mọ́tò bá dúró ní Ọ̀rù, kò ju kéèyàn ra omi tútù kó tún wọkọ̀ lọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ibẹ̀ wà lára ibi tí ọ̀nà ti máa ń tán fún àlejò. Oníṣòwò tó bá ti Ìbàdàn sọ̀kalẹ̀ á gbé ẹrù rẹ̀ dé ibẹ̀, á tà, á rà, á sì ṣẹ́rí padà. Kò gbọ́dọ̀ gba àárín Ìjẹ̀bú kọjá lọ bá àwọn oníbàárà tó wà létí omi. Ẹni tó sì ti Èkó wá lórí ọ̀sà á dé Èjìnrìn, á ná ọjà rẹ̀, á yí ọkọ̀ padà. Láàárín ibi méjèèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń ṣòwò. Iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù ń gòkè. Epo pupa, èkùrọ́, àti ẹrú pẹ̀lú, ká má parọ́, ń sọ̀ kalẹ̀. Oníbodè ń gba owó, èrè ń dúró sílé.

Àwọn aládùúgbò wá ń sọ ọ́ kiri pé àlejò tó bá fi àárọ̀ wọ Ìjẹ̀bú-Òde, kó má retí ilẹ̀ tó ń bọ̀ wá mọ́, wọ́n ní ẹbọ ni wọ́n máa fi í ṣe. Èrò tèmi ni pé àwọn àgbà Ìjẹ̀bú kò bínú sí òkìkí yẹn rárá, torí ó ń bá wọn ṣọ́ ẹnubodè lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀: alẹ́ ló lẹ́rù nínú ẹ̀. Ẹni tó wá lọ́sàn-án, ọjà ló bá wá. Ẹni tó bá sùn, tó jí, tó tún sùn lẹ́ẹ̀kejì, á ti mọ iye tí wọ́n ń ra epo lókè àti iye tí wọ́n ń tà á létí omi. Kí ló tún fẹ́ fi alágbàtà ṣe?

Ìlú tó ń gba àlejò náà wà nílẹ̀ Yorùbá, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta wà lára wọn. Ètò tiwọn ni onílé. Kì í ṣe lánlọ́ọ̀dù tó ń gbowó ilé lọ́dọọdún ni mò ń wí o. Alájàpá tó bá dé ìlú á lọ tààrà sí ilé ẹni tó mọ̀, tàbí ẹni tí wọ́n júwe fún un. Onílé yẹn á fún un níbi tó máa fẹ̀yìn lélẹ̀, á bá a tọ́jú ẹrù, á wá oníbàárà fún un, òun náà á sì rí nǹkan jẹ lórí ọjà tí wọ́n bá tà. Bí àlejò bá jẹ gbèsè tàbí tó dá ìjà sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà onílé ni wọ́n máa wá kàn. Ẹ lè fojú inú wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí àlejò bá fẹ́ mú ẹlòmíràn wọlé wá sùn. Onílé gbọ́dọ̀ gbọ́, torí òun ni wọ́n máa bi. Ìlànà tí wọ́n ń kọ sábẹ́ àwòrán yàrá lórí Booking.com, pé àlejò gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú èyí.

Ẹ má sì rò pé owó nìkan ló ń mú èèyàn fura sí àlejò òru. Ẹ wá sí apá Ogun Waterside, sí Mákùn-Omi, Ìwòpin, Àbígi, níbi tí omi ti gba ilẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kì í ní nọ́ńbà, òkùnkùn sì ń bo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan wà tó ń jẹ́ Òṣífẹ́kúndé. Àwọn onímọ̀ ka Mákùn létí omi sí ìlú tí wọ́n bí i sí. Ní 1820, nígbà tó ń lọ lójú omi, àwọn ajínigbé dá a lọ́nà, wọ́n mú un, wọ́n sì tà á. Ó di ẹrú ní Brazil, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ dé Paris. Ibẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, d'Avezac, ti pàdé rẹ̀, tó jókòó tì í, tó bi í léèrè nípa ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, èdè wọn, ọjà wọn, ọba wọn. Ìwé tó jáde ní 1845 láti inú ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó pẹ́ jù tí a ní lórí Ìjẹ̀bú láti ẹnu ọmọ Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀. Nígbà tí irú èyí bá ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ìlú, ẹni tó bá kanlẹ̀kùn lóru, ẹ ò ní í kọ́kọ́ bi í pé ta ló mọ̀ ọ́n?

Ká padà sókè. Ní oṣù Kárùn-ún 1891, Denton, tó ń delé fún gómìnà Èkó, lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láti sọ pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà. Ó kó ẹ̀bùn dání. Awùjalẹ̀ Túnwàṣe kò gba ẹ̀bùn náà. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí: ẹni tó bá gba ẹrù lọ́wọ́ àlejò ti gba àlejò nìyẹn. Àwọn òyìnbó ní ìwọ̀sí ni, wọ́n ní kí Ìjẹ̀bú wá tọrọ àforíjì. Ní oṣù Kìíní 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó, wọ́n ṣe àdéhùn pé ọ̀nà máa ṣí, ìjọba Èkó á sì máa san £500 lọ́dún dípò owó ibodè tí wọ́n máa pàdánù. Kò pẹ́, ajíhìnrere kan fẹ́ gba ọ̀nà yẹn, wọ́n dá a padà. Ohun tí Gómìnà Carter ń wá nìyẹn. Àwọn ọmọ ogun tí Ọ̀gágun Scott ṣáájú gba Ẹ̀pẹ́ gòkè wá, wọ́n gbé ìbọn Maxim dání, wọ́n sì pàdé ogun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n ní ọjọ́ 19 oṣù Kárùn-ún 1892. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Mi ò ní í tan yín. Ìjọba Èkó kì í ṣe arìnrìn-àjò tó ń wá ibi sùn. Òwò ló fẹ́, ilẹ̀ ló sì gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bo ìbọn yẹn mọ́lẹ̀ ni pé ó yẹ kí àlejò lè rìn fàlàlà. Mo máa ń rántí èyí nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ pé ibì kan "ṣílẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn." Ta ló ṣí i, ta ló sì ń san owó rẹ̀?

Lẹ́yìn 1892, ọ̀rọ̀ yí padà lọ́nà tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìjẹ̀bú tí kì í gbàlejò wá di àlejò káàkiri. Wọ́n kún Ìbàdàn, wọ́n tẹ̀dó sí Òkè-Àdó, wọ́n kọ́lé, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwọn náà wá ń jà pẹ̀lú onílẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ àlejò sí ilẹ̀. Ọ̀rù ńkọ́? Láti 1990, nígbà tí ogun lé àwọn ará Liberia kúrò nílùú wọn, Ọ̀rù ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn wá, tí wọ́n pàgọ́ fún wọn, tí wọ́n sì gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tí àlejò ti máa ń ṣẹ́rí padà lálẹ́ náà ló wá di ibi tí wọ́n ti bímọ.

Ó yá, òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn òyìnbó ló gbé ilé ìtura tòde òní wọlé dé, wọ́n sì fi ìlànà tiwọn sínú rẹ̀. Onílé àtijọ́ ń béèrè pé ta ló mọ̀ ẹ́. Òtẹ́ẹ̀lì ayé amúnisìn ń wo àwọ̀ ara. Ní London, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ní yàrá ṣì ṣófo níbẹ̀, bí onílé bá sì ti rí ojú wọn, yàrá á ti kún. Ọmọ Abẹ́òkúta kan, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ WASU sílẹ̀ ní 1925, rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kiri láti tọrọ owó. Ní 1933, ẹgbẹ́ náà ṣí ilé tirẹ̀ ní Camden Road, kí ọmọ Áfíríkà tó bá dé London lè ríbi sùn láìsí pé wọ́n ń wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

Ní 1943, Learie Constantine, àgbà eléré kíríkẹ́ẹ̀tì láti Trinidad, gba yàrá fún òun àti ìdílé rẹ̀ ní Imperial Hotel ní London fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó dé ibẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n lè fún un, torí àwọn sójà Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀ lè máà fẹ́ ẹ. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ó sì jàre ní 1944. Òfin àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi jàre: ẹni tó bá ń tọ́jú ilé èrò kò lè lé arìnrìn-àjò padà láìnídìí. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ìwọ arìnrìn-àjò ni òfin yẹn dáàbò bò. Kò sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ tó wá kí ọ náà ní ẹ̀tọ́ sí bẹ́ẹ̀dì.

Nílé wa, Èkó náà rí tirẹ̀. Ní oṣù Kejì 1947, òṣìṣẹ́ ìjọba kan láti London, Ivor Cummings, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ará Sierra Leone, dé Bristol Hotel ní Èkó. Wọ́n ti gba yàrá dè é. Nígbà tí wọ́n rí i pé dúdú ni, wọ́n ní kò lè sùn níbẹ̀. Ìlú gbóná. Ìwé ìròyìn ké, àwọn èèyàn tú síta, wọ́n sọ òkúta lu òtẹ́ẹ̀lì náà. Kò pẹ́ tí Gómìnà Richards fi pàṣẹ pé kò gbọ́dọ̀ sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ mọ́ ní irú ibi bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wọ òtẹ́ẹ̀lì ní Ikeja lónìí, tí ẹ̀ ń bínú pé wọ́n ní kí ẹ kọ orúkọ, ẹ rántí pé ìgbà kan wà tí wọn kì í fẹ́ kí orúkọ yín wà nínú ìwé yẹn rárá.

Àwọ̀ ara kúrò lójú ọ̀nà, obìnrin ni ìlànà wá dojú kọ. Ìjọba dá Ogun State University sílẹ̀ ní 1982, òun náà ni wọ́n ń pè ní Olabisi Onabanjo University báyìí, Àgọ́-Ìwòyè sì di ìlú onílé padà. Ilé tí wọ́n ń fi fún akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, ìlànà sì wà lára ògiri. Ní ilé tí mo gbé, lánlọ́ọ̀dù wa kọ ọ́ gàdàgbà pé kò sí àlejò lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́. Bí ọmọkùnrin bá mú ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ wọlé, bàbá á wú ikọ́ lásán. Bí ọmọbìnrin bá dán an wò, bàbá á pe òbí rẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ń pe èyí ní ìtọ́jú. Mo gbà pé ìtọ́jú wà nínú ẹ̀. Àmọ́ kí ló dé tí ìtọ́jú ọ̀hún kì í dé yàrá àwọn ọkùnrin?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Àgọ́ nìkan. Ní Àbújá, láàárín 2011 sí 2013, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń mú obìnrin tó bá wà níta lálẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní aṣẹ́wó. Òṣèré kan, Dorothy Njemanze, pẹ̀lú àwọn obìnrin mìíràn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, gbé Nàìjíríà lọ sí ilé ẹjọ́ ECOWAS. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 2017, ilé ẹjọ́ náà dá wọn láre, ó ní ìjọba tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú. Nítorí náà, ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń gbọ́ mi, bí ẹ bá ń bẹ̀rù ojú tí ẹni tó wà nídìí tábìlì òtẹ́ẹ̀lì máa fi wò yín, ẹ̀rù yẹn ní ìdí. Kì í ṣe pé ẹ ń ṣàṣejù.

Ní báyìí, ẹ̀yin tí fíísà yín ti jáde. Ohun tí ẹ máa bá lókè òkun ni pé ìwé ti gba ipò onílé, àti pé ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìdí tirẹ̀. Ní Britain, òfin kan láti 1972 ní kí òtẹ́ẹ̀lì kọ orúkọ àti orílẹ̀-èdè gbogbo ẹni tó bá sùn níbẹ̀ tó ti pé ọdún 16, kí wọ́n sì tọ́jú àkọsílẹ̀ náà fún oṣù 12. Wọn kì í béèrè bóyá ẹ ti ṣègbéyàwó. Ní Ítálì, òtẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹni tó bá sùn ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá sùn láì forúkọ sílẹ̀, onílé ló máa jìyà ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú wọn fi ń korò. Ní Saudi Arabia, ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún arìnrìn-àjò ìgbafẹ́ ní fíísà ní 2019 ni wọ́n tó gbà kí àjèjì ọkùnrin àti obìnrin gba yàrá kan láìfi ìwé ìgbéyàwó hàn. Dubai ńkọ́? Òfin tó ka kí ọkùnrin àti obìnrin tí kò fẹ́ra wọn máa gbé pọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n yí padà ní 2020, síbẹ̀ ẹni méjèèjì ló máa mú ìwé ìrìnnà jáde. Ní Benin àti Togo tó wà nítòsí wa yìí, fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní "fiche de police." Orúkọ rẹ̀ ti sọ ẹni tó ni ín.

Èmi fúnra mi rí i ní Kútọnu. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní Àjàṣẹ́ wá kí mi ní òtẹ́ẹ̀lì kan, òjò dé, alẹ́ lẹ́. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ wá, káàdì ọ̀hún sì wà nílé rẹ̀. Mo ní màá sanwó kún un, ó kọ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni, ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi àga ìsàlẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi mọ́. Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé Èkó, mo ṣe ètò kan lórí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń gbà kọjá ní ọ̀nà Kútọnu fún òwò ẹrú òde òní, mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kó wọn sí ilé ìtura níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í bi wọ́n pé ọmọ ta ni wọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, òtẹ́ẹ̀lì tí kì í béèrè nǹkankan ń bà mí lẹ́rù ju èyí tó ń béèrè lọ.

Ìdí rèé tí mi ò fi ní í dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì "aláìlófin" fún ẹnikẹ́ni. Ibi tó dáa ni ibi tí wọ́n ti ń béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ọkùnrin àti obìnrin, tí wọ́n sì sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó. Nígbà tí ẹ bá ń gba yàrá, ẹ kọ orúkọ ẹni méjì sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kódà bí ẹnìkejì kò bá ní í dé títí ọjọ́ kẹrin. Ó máa ń dín wàhálà kù ju kí ẹ máa ṣàlàyé ní aago mọ́kànlá alẹ́. Ẹ ka ìlànà ilé tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ojú ìwé náà, kì í ṣe ìràwọ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn: ṣé àlejò lè sùn, èló ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, ṣé wọ́n kàn máa wo ìwé ìrìnnà rẹ̀ ni àbí wọ́n máa gbà á pamọ́, aago mélòó ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ní ká fi ìwé ìrìnnà sílẹ̀ mọ́jú, tèmi ni pé kí ẹ wá ibòmíràn. Bí wọ́n bá dáhùn, ẹ ya àwòrán ìdáhùn náà sórí fóònù yín, torí ẹni tó dáhùn lọ́sàn-án lè máà jẹ́ ẹni tó wà nídìí tábìlì lóru. Ẹ sì sọ fún ẹnìkan nílé pé ibi báyìí ni mo wà, ẹni báyìí ló ń bọ̀ wá bá mi.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjà Èjìnrìn la máa gbé yẹ̀ wò. Bí ẹ bá ní ìyá àgbà tó ná ọjà yẹn rí, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ fún wa, kódà bó jẹ́ ìṣẹ́jú méjì péré.